Ẹ Má Yọ Eegun Sàdíìnì Dànù

   

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la fẹ́ sọ lálẹ́ òní, oúnjẹ tí ẹni tó ti rẹ̀ lè sè kí oorun tó gbé àwọn ọmọ lọ. Ẹni tó bá ń tajà mọ bó ṣe máa ń rí. Kí èèyàn tó pa ìsọ̀ dé, kó tó wọkọ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Kò sí ẹran nílé. Ẹja tútù tí à bá rà, a ò mọ iye ọjọ́ tí iná ti lọ ní ibi tí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí. Àwọn ọmọ ti ń bi wá pé kí la fẹ́ jẹ. Ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú títì, tí kò nílò iná ìjọba kankan, ni agolo sàdíìnì tàbí agolo Geisha. Àwọn kan máa ń fojú oúnjẹ àpọ́n wò ó, wọ́n á ní obìnrin tó mọ ilé tọ́jú kì í fi ẹja inú agolo sebẹ̀ fún ọkọ. Èmi ò gbà. Ẹja ni, ẹja gidi, ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó ti bọ́ ìdílé rẹ̀ dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tó ń dùn mí ni bí a ṣe ń jẹ ẹ́. A ó ṣí agolo, a ó la ẹja sí méjì, a ó fi orí ṣíbí fa eegun àárín rẹ̀ yọ, a ó sọ ọ́ nù fún ológbò. Àwọn ìyá tó fẹ́ràn ọmọ wọn jù ló máa ń ṣe é jù. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa ṣa eegun ọ̀hún lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fún ọmọ lẹ́ja. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ara ọmọ náà nílò jù nínú agolo yẹn ni wọ́n ń kó fún ológbò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Eegun ẹja àrọ̀ lè há ọmọ lọ́fun, eegun ṣáwá náà lè há a, kò sí ìyá tí kò yẹ kó ṣọ́ra fún un. Ti sàdíìnì inú agolo yàtọ̀ nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà sè é. Wọ́n á gé orí ẹja, wọ́n á yọ ìfun rẹ̀, wọ́n á tò ó sínú agolo pẹ̀lú òróró tàbí ọbẹ̀ tòmátì, wọ́n á wá dé agolo náà pa, afẹ́fẹ́ kò ní lè wọlé mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dé e pa tán, wọ́n á sè é nínú agolo náà, bí a ṣe ń sè mọ́ínmọ́ín nínú ewé rẹ̀. Ooru tí wọ́n fi ń sè é ju ti omi híhó lọ, ó máa ń tó ìwọ̀n Celsius 115 sí 121, nígbà tí omi inú ìkòkò tiwa ń hó ní 100. Ooru yẹn ló ń pa kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀, òun náà ló sì ń sọ eegun di rírọ̀. Ẹ mú eegun sàdíìnì kan sáàárín ìka méjì, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó máa rún. Ohun tó rún láàárín ìka kò lè há ọ̀fun.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Nicolas Appert, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ sísè àti dídùn ṣíṣe, ló gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1810, lẹ́yìn tí ìjọba wọn ti ń wá ọ̀nà tí oúnjẹ kò fi ní bàjẹ́ mọ́ àwọn ọmọ ogun àti àwọn atukọ̀ òkun lọ́wọ́. Inú ìgò ni Appert ń dé oúnjẹ tirẹ̀ sí. Ọdún 1810 yẹn kan náà ni Peter Durand gba àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa lo agolo. Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn ará Nantes ní Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í kó sàdíìnì sínú agolo tà. Ìdí tí oúnjẹ náà kì í fi í bàjẹ́ kò yé ẹnikẹ́ni nínú wọn nígbà yẹn. Ó di ẹ̀yìn nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí Louis Pasteur tó fi han aráyé pé àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ló ń ba oúnjẹ jẹ́, àti pé iná ló ń pa wọ́n. Lóde òní, ilẹ̀ Mòrókò ló ń ta sàdíìnì inú agolo sókè òkun jù lágbàáyé. Ẹ yẹ ara agolo sàdíìnì Titus wò, ẹ ó rí orúkọ Mòrókò níbẹ̀.

Kí ló wá wà nínú eegun tí mo ń pariwo rẹ̀? Kálísíọ̀mù ni, èròjà tí Ọlọ́run fi ń mọ eegun àti eyín. Àgbàlagbà nílò nǹkan bí mílígíráàmù 1,000 lójúmọ́. Ẹja inú agolo sàdíìnì kan, tí a bá jẹ ẹ́ teegun-teegun, lè fún wa ní nǹkan bí 350. Ìyẹn ju ohun tó wà nínú odidi ife wàrà kan lọ. Ta ló ń mu odidi ife wàrà lójoojúmọ́ ládùúgbò wa? Ṣíbí kan la ń bù sínú tíì, ọ̀pọ̀ ilé kò tilẹ̀ rí ìyẹn rà mọ́. Tí ẹ bá yọ eegun kúrò nínú sàdíìnì, ẹran ara ẹja ṣì dára, ó kún fún èròjà amáradàgbà, ó ní ọ̀rá tó ń ṣe ọkàn àti ọpọlọ lóore, ó ní fítámì D. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú kálísíọ̀mù ti bá eegun lọ.

Ẹ lè máa wò ó pé kí ló kan èmi àti kálísíọ̀mù. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ẹ ti rí àwọn ọmọ kéékèèké tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀, tí orúnkún méjèèjì jìnnà síra tàbí tí wọ́n ń gbá ara wọn bí ọmọ náà ṣe ń rìn. Àwọn kan á ní bí wọ́n ṣe ń pọ̀n ọ́n ló fà á. Àwọn mìíràn á ní ó tètè rìn jù, àwọn mìíràn á sì máa fura sí ẹni tí kò ṣẹ̀. Láyé àtijọ́, ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ òyìnbó ni pé oòrùn tí kò tó ló ń fà á, torí oòrùn ló ń jẹ́ kí ara pèsè fítámì D. Ṣé oòrùn wá wọ́n wa nílẹ̀ yìí ni?

Ní 1999, àwọn dókítà kan gbé èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Jos jáde. Tom Thacher, Philip Fischer àti John Pettifor wà lára wọn. Wọ́n kó ọmọ 123 tí eegun wọn ti rọ̀ jọ, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n fún àwọn kan ní fítámì D nìkan, wọ́n fún àwọn kan ní kálísíọ̀mù nìkan, wọ́n fún àwọn yòókù ní méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún, èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó rí kálísíọ̀mù gbà ló ti ń sàn dáadáa. Nínú àwọn tó gba fítámì D nìkan, kò tó ọmọ kan nínú márùn-ún. Wọ́n tún wo ohun tí àwọn ọmọ náà ń jẹ nílé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Kálísíọ̀mù tó ń wọ ikùn wọn lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bí mílígíráàmù 200, kò sì sún mọ́ ohun tó yẹ kí ọmọ máa rí.

Ẹ wo àwo oúnjẹ àwọn ọmọ tiwa náà. Ògì láàárọ̀, ẹ̀bà lọ́sàn-án, àmàlà lálẹ́. Ó ń yó wọn, ó ń fún wọn lágbára láti sáré, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́, iṣu àti àgbàdo kì í fi bẹ́ẹ̀ ní kálísíọ̀mù. Ẹja tó sì yẹ kó bá wọn gbé e wá, a ti ṣa eegun rẹ̀ kúrò.

Àwọn dókítà yẹn kò dúró síbẹ̀. Ní 2015, wọ́n tún gbé ìwádìí mìíràn jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹja ni wọ́n lọ̀ kúnná teegun-teegun tí wọ́n fi tọ́jú àwọn ọmọ tí ara wọn kò ní kálísíọ̀mù tó. Wọ́n fi òkúta ẹfun lílọ̀ tọ́jú àwọn mìíràn kí wọ́n lè fi wéra. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ wá òkúta lọ̀ fún ọmọ o, ìwọ̀n tí dókítà wọ̀n ni tiwọn.) Ẹja lílọ̀ ṣiṣẹ́ bí tòkúta ṣe ṣiṣẹ́. Ẹja, nínú ìkòkò ìyá, ló ń ṣe iṣẹ́ tí à ń wá oògùn lọ fún.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹ̀fọ́. Ẹ ra ẹ̀fọ́ ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀, ẹ gé e, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ gún ata rodo méjì tàbí mẹ́ta, tòmátì mẹ́rin àti àlùbọ́sà kan, kó má kúnná jù. Ẹ gbé ìkòkò kaná, ẹ ṣí agolo, kí ẹ da òróró inú rẹ̀ sínú ìkòkò. Ìyẹn ti tó, ẹ má fi òróró mìíràn kún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń da òróró agolo nù, wọ́n á tún lọ bu òróró mìíràn láti inú kẹ́ẹ̀gì. Díẹ̀ nínú ọ̀rá ẹja tó ṣe ara lóore ti yọ́ sínú òróró agolo yẹn. Ẹ dín àlùbọ́sà àti irú wooro nínú rẹ̀, ẹ da ata sí i, ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ. Ẹ da ẹ̀fọ́ sí i, ẹ rò ó. Ìgbà tí ẹ̀fọ́ bá ti fẹ́ jinná tán ni kí ẹ tó kó ẹja sí i, nítorí ẹja yẹn ti jinná tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá tètè kó o sí i, ó máa fọ́ yángá. Ẹ dé ìkòkò bí ìṣẹ́jú méjì, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀kọ tútù méjì-méjì pẹ̀lú ẹ̀fọ́ yìí, kò sí oúnjẹ tó yẹ ẹni tó ti iṣẹ́ dé tó o. Ó sì lọ pẹ̀lú iṣu sísè, ó lọ pẹ̀lú ọ̀dùnkún.

Geisha ní ọbẹ̀ tòmátì tirẹ̀ nínú agolo. Ẹ gé àlùbọ́sà, ẹ fi òróró ṣíbí kan dín in pẹ̀lú ata gígún, ẹ da omi tòmátì inú agolo sí i, ẹ wá kó ẹja lé e lórí. Ọbẹ̀ ti dé. Tí ewédú bá wà, ẹ pò ó mọ́ àmàlà, ewédú fúnra rẹ̀ ní kálísíọ̀mù. Ẹja inú Geisha tóbi ju sàdíìnì lọ, eegun àárín rẹ̀ nípọn díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ti rọ̀. Ẹ fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ra nínú ọbẹ̀ tó bá jẹ́ ti ọmọdé.

Fún ọmọ tó ti mọ eegun yọ, tó máa ń tu ú jáde, mọ́ínmọ́ín ni kí ẹ sè. Kò yá bí ẹ̀fọ́, ó máa gbà yín ní wákàtí kan lórí iná, nítorí náà oúnjẹ ọjọ́ Sátidé ni. Ẹ̀wà ife mẹ́ta tí ẹ ti bó, tí ẹ ti lọ̀ pẹ̀lú tàtàṣé àti àlùbọ́sà, agolo sàdíìnì kan ti tó o. Ẹ fi ọwọ́ rún ẹja náà teegun-teegun, ẹ rò ó pọ̀ mọ́ ẹ̀wà lílọ̀, kí ẹ wá bù ú sínú ewé eéran. Kò sí ọmọ tó máa rí eegun ṣà jáde níbẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù dọ̀la, ọmọ lè gbé e lọ síléèwé.

Ìyókù kò le. Ẹ̀wà sísè tó ṣẹ́kù láàárọ̀, ẹ gbé e kaná, ẹ rún sàdíìnì sí i. Ẹbẹ iṣu, ẹ kó ẹja sí i nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná. Búrẹ́dì, ẹ po sàdíìnì mọ́ àlùbọ́sà àti tòmátì tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ẹ fi sáàárín rẹ̀ dípò bọ́tà. Gàrí mímu pẹ̀lú sàdíìnì, oúnjẹ tí kò ṣàjèjì sí ọmọ iléèwé tó bá ti gbé ọgbà rí, n kò bá a jà, kí ẹja ṣáà pọ̀ níbẹ̀ ju ṣúgà lọ. Indomie náà lọ pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ ẹ má da gbogbo èlò inú ọ̀rá kékeré yẹn sí i, torí iyọ̀ inú ẹ̀ pọ̀, iyọ̀ ẹja á tún wá lé e lórí.

Ìyẹn gan-an ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ iyọ̀. Ẹja inú agolo ti ní iyọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má kọjá gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan tí kò kún tán, àpapọ̀ gbogbo ohun tó jẹ láàárọ̀ títí dalẹ́ sì nìyẹn. Nítorí náà, ẹ sè é tán kí ẹ tó tọ́ ọ wò, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó nílò iyọ̀ tàbí Maggi. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní nílò rẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó da omi inú agolo nù, kó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ẹja náà díẹ̀. Ẹni tí dókítà sì ti kìlọ̀ fún nítorí oríkèé ríro tí wọ́n ń pè ní gáòtù, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè kó tó máa jẹ sàdíìnì déédéé.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ẹ fi ìka tẹ orí agolo. Èyí tó bá wú, tàbí tó ń jò, tàbí tí ìpata ti jẹ ẹ́ wọnú, tàbí tó ti tẹ̀ ní ojú ibi tí wọ́n ti dé e pa, ẹ má rà á bí wọ́n tilẹ̀ ń tà á lówó pọ́ọ́kú. Agolo tó wú ní kòkòrò tó ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀, irú kan sì wà nínú wọn tí májèlé rẹ̀ ń sọ iṣan ara di aláìlágbára títí ẹni náà kò fi ní lè mí mọ́. Májèlé yẹn lè wà níbẹ̀ láìsí òórùn burúkú kankan. Ẹ má tọ́ ọ wò láti mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́, ẹ má fún ajá, ẹ wa ilẹ̀ kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tí ẹ bá ṣí, ẹ jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Tí fíríìjì bá wà tí iná sì wà, ẹ dà á sínú abọ́ tó ní ìdérí, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú agolo rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń sọ lọ́kàn báyìí pé owó agolo sàdíìnì ti ga ju ohun tí òun lè máa rà lọ. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ ẹja lílọ̀ tí wọ́n ṣe ní Jos wá síbí. Ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi páànù wọ̀n lọ́jà, tí gbogbo rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ, teorí teegun ló ṣeé lọ̀. Ẹ ṣa iyanrìn àti ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀, ẹ yan án lórí iná títí yóò fi gbẹ wóróbó, kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ. Ṣíbí kan nínú ògì ọmọ, ṣíbí méjì nínú ọbẹ̀ ilé, lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ará Aṣèjíré tí ẹ wà létí omi, tí ẹ ń yan ẹja fún àwọn arìnrìn-àjò, àwọn ẹja kéékèèké tí kò ní ọlọ́jà yẹn, ọmọ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ rántí.

Ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, tó ti ń jẹ nǹkan mìíràn mọ́ ọmú, lè jẹ sàdíìnì tí a ti da òróró rẹ̀ nù, tí a ti fi omi ṣan, tí a wá fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ títí kò fi ní kókó mọ́. Bíńtín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹja lè bá ara ọmọ mìíràn jà. Aláboyún náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ eegun ọ̀hún. Níbi tí oúnjẹ kò bá ti ní kálísíọ̀mù tó, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n máa fún aláboyún ní oògùn rẹ̀, torí ó ń dín ewu ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún kù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yín ní ọjọ́ àyẹ̀wò oyún.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ ná, tàbí tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú, tàbí tí eegun ìhà rẹ̀ yọ kókó-kókó, tàbí tó ń sunkún pé ẹsẹ̀ ń ro òun, ẹ má sọ pé ẹ ó máa fún un ní sàdíìnì títí yóò fi tọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ yín, wọ́n á mọ̀ bóyá kí wọ́n darí yín sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn. Kí ẹ tètè lọ nígbà tó ṣì kéré. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ fún dókítà ohun tí ọmọ náà ń jẹ gan-an láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Kí ẹ má tijú bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ mímu lásán ni.